Gbèsè Tramól Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Ohun Tí Mo Fojú Ara Mi Rí

Ẹni tó bá ní èèyàn nínú ẹ̀wọ̀n á ti mọ irú ìpè tí mò ń sọ yìí. Ilẹ̀ ti ṣú, fóònù á dún, nọ́ńbà tí o ò mọ̀ rí, o gbé e, ohùn àbúrò rẹ ni àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n dúró tì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi 10.000 ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí léèrè nǹkan kan." Ó ti pa á. Oorun ti dá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa á fi owó náà ránṣẹ́, kí la fẹ́ ṣe, ọmọ ìyá ẹni ni. Èmi ò fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tèmi, kì í ṣe pé mo gbọ́n o, owó ni ò sí lórí fóònù, ìparí oṣù kò tíì pé.

Owó yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Torí tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ oògùn olóró inú ẹ̀wọ̀n lórí rédíò, ohun tí à ń gbọ́ kò ju ẹni tó gbé e wọlé lọ, bí wọ́n ṣe mú un, iye hóró tí wọ́n bá lára ẹ̀, ó parí. Wọn kì í sọ ibi tí owó tí wọ́n fi ń rà á ti ń wá. Ọ̀dọ̀ àwa tá a wà níta ló ti ń wá jàre. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà, olè jíjà, kí wọ́n lu ọmọ èèyàn ní àlùbolẹ̀ lóru, kì í sábà jẹ́ pé oògùn ló ń gun ẹni tó ṣe é. Gbèsè oògùn ni. Àwọn tó ń lu èèyàn níbẹ̀ lè máà fi tramól, ìyẹn tramadol, kan ẹnu rárá.

Àjàṣẹ́ níbí ni mo wà, Porto-Novo. Ilé ìlera ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kì í ṣe dókítà o, àwa là ń di egbò, là ń gún abẹ́rẹ́, là ń wọn ọmọ wò. Àbúrò mi tí mo ń wí yìí, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ ọjà Ouando. Wọ́n mú òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń gun zémìjàn, ọ̀kadà akérò, lọ́nà Ìgólò, wọ́n bá tramól lọ́wọ́ wọn, adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi wọ́n sí àhámọ́ títí ọjọ́ ẹjọ́, ọjọ́ ẹjọ́ náà ò wá dé bọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ọgbà tí wọ́n gbé e lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àwọn obìnrin tí ọmọ wọn wà ní ọgbà míì ń sọ irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún mi, kò sídìí tí màá fi mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa tramól fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Oògùn ìrora gidi ni, Jámánì ló ti wá, ọdún 1977 ló bọ́ sọ́jà níbẹ̀, dókítà lè kọ 50 mílígíráàmù fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èyí tó ń kiri ìgboro lọ́dọ̀ wa jẹ́ 200, 225, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gun zem láti ìdájí dòru, ẹni tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì, ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, láti ẹnubodè, wọ́n á ní ó ń jẹ́ kí ara àwọn gbà á, wọn ò sì purọ́, ó ń jẹ́ kó gbà á fúngbà díẹ̀. Lọ́dún 2016, Benin tí kò ju báyìí lọ ló ṣe ìkejì sí Amẹ́ríkà nínú àwọn ilẹ̀ tí Íńdíà ń kó tramól lọ. Kì í ṣe àwa la jẹ gbogbo ẹ̀ tán, èbúté Kútọnu ló ń gbà kọjá lọ sí Nàìjíríà, sí Niger, sí ọ̀nà aṣálẹ̀, àmọ́ apá kan ń ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wa. Ní 2017 ìjọba palẹ̀ ọjà oògùn Adjégounlè mọ́ ní Tọ̀kpá, ọjà ńlá Kútọnu, ní 2018 Íńdíà fúnra ẹ̀ fi tramól sábẹ́ òfin tó le. Kò tíì tán nílẹ̀ títí dòní, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń gun ọ̀kadà.

Ó dáa, ẹni tára ẹ̀ ti mọ́ ọn wá wọ ẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ kejì ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí i lójú iṣẹ́ tèmi, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fẹnu sọ lásán: òógùn ń bò ó, imú ń dà, inú ń lọ́ ọ, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò dúró lójú kan, oorun ò sí, ẹ̀rù kan tí ò lórúkọ á wá gbà á lọ́kàn. Yàrá tí wọ́n sì gbé e sí ti kún kọjá bó ṣe yẹ, ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń sùn, wọ́n tò bí ẹja inú agbọ̀n, tẹ́nì kan bá yí padà gbogbo ìlà náà á yí. Tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, parasetamól ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oògùn ibà. Mi ò bú nọ́ọ̀sì náà o, mo mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn ṣí àpótí oògùn kó bá a lófìfo.

Òru yẹn lẹnì kan á ti sún mọ́ ọn. Bí àbúrò mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí: onítọ̀hún ò pariwo, kò halẹ̀, ó kàn jókòó tì í, ó ní "Bọ̀dá, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́, ó ti ṣe èmi náà rí. Gba èyí, fi omi lé e. Táwọn ará ilé ẹ bá wá, wàá rántí mi." Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún fún un. Lọ́jọ́ kẹta ó tún fún un. Àbúrò mi ní òun tiẹ̀ ń gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run á san án fún un. Ọjọ́ tó sọ fún un pé "ó ti tó, ìwọ náà mú nǹkan wá," owó tó pè ga débi pé àbúrò mi rò pé eré ló ń ṣe. Hóró tó jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rà á níta, tó bá ti rékọjá géètì yẹn, iye ẹ̀ á ti di ìlọ́po lọ́nà mélòó kan, torí gbogbo ọwọ́ tó gbà á kọjá ló ti bù nínú ẹ̀. Tí o ò bá san lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á lé sí i. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí ìwé, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé.

Kí lẹlẹ́wọ̀n wá ní tó fẹ́ fi san gbèsè? Oúnjẹ tí ìyá ẹ̀ gbé wá ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Lẹ́yìn náà aṣọ. Lẹ́yìn náà ibi tó ń sùn, torí ibi téèyàn ń sùn náà lówó lórí, ẹni tí kò ní nǹkan kan ẹ̀bá ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ń tì í sí. Tí gbogbo ìyẹn bá tán, wọ́n á fún un ní fóònù kó pe ilé, fóònù tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Tí ilé ò bá fi ránṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ kù. Bá mi tọ́jú ẹrù yìí sí ìdí ẹní ẹ, tí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, tìẹ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ lọ kóòtù, ẹnì kan máa bá ẹ pàdé níbẹ̀, gba ohun tó bá fún ẹ. Lọ bá mi lu lágbájá, ó jẹ mí lówó ju tìẹ lọ. Ohun tó burú jùyẹn lọ náà wà tí wọ́n ń fi àwọn ọmọdé ṣe, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọmọ tí wọ́n mú torí hóró díẹ̀ tó fẹ́ fi gun ọ̀kadà, tí kò ja ẹnikẹ́ni lólè rí láyé ẹ̀, ó ti di jàǹdùkú tí wọ́n ń rán níṣẹ́, inú ọgbà tí ìjọba ní kó ti lọ yí padà ló ti dà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fura ni sálúbàtà. Lẹ́yìn ìpè alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ wò ó, wọ́n pè é jáde, ó jókòó lójú mi, a ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, ó kàn fẹ́ fi owó ra ọṣẹ ni. Ọṣẹ 10.000! Mo wolẹ̀. Sálúbàtà tuntun tí mo rà fún un kò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀ mọ́. Méjì tó wọ̀, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì, ọ̀kan búlúù ọ̀kan pupa, èyí pupa náà ti já, okùn ni wọ́n fi so ó. Mo wo ọwọ́ ẹ̀, ó fi sábẹ́ tábìlì. Mo ní kó gbé e sókè. Ìka rẹ̀ kan wú, ó ti dúdú. Kò dá mi lóhùn nígbà tí mo bi í.

Nígbà tí mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi níbi táwọn obìnrin máa ń dúró sí, mo ń sunkún, ìyá kan bá sún mọ́ mi. Ìyá Sàkété là ń pè é torí ibẹ̀ ló ti ń wá, ó gbó díẹ̀, ọmọ ẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ ju tèmi lọ. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní "Ṣé ó ti ní kí o má gbé ọbẹ̀ wá mọ́, kí o máa mú owó wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó ní "Ó ti jẹ gbèsè nìyẹn. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹnì kan. Bí o bá san ti òní, wọ́n ti mọ̀ pé ilé tó ń sanwó ni, wọ́n á tún kó òmíì sí i lọ́rùn kó lè tún pè ẹ́." Mo ní tí wọ́n bá wá pa á ńkọ́? Ó wò mí. Ó ní "Ẹni tó jẹ èèyàn lówó, wọn kì í pa á, ta ló máa wá san án? Lílù ni wọ́n máa lù ú. Ohun tí a máa ṣe sí lílù yẹn ni ká jọ wá." Ọ̀rọ̀ yẹn le létí mi nígbà yẹn, mo fẹ́ẹ̀ bínú sí i. Àmọ́ kò sí ẹlòmíì tó tíì là á yé mi báyẹn, kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe àwa tí à ń pe ara wa ní òṣìṣẹ́ ìlera.

Mo ti wá mọ géètì yẹn bí ẹní mowó. Ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀ tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ, tí o bá gbé dé, á fi irin yẹn gún un ní ojú mẹ́rin, á yọ ọ́, á wo ẹnu irin, á fi aṣọ nù ún, aṣọ kan náà láti àárọ̀. Ọbẹ̀, á fi ṣíbí rò ó dé ìdí. Búrẹ́dì, á là á sí méjì. Ọṣẹ, á gé e. Gàrí, á dà á sórí tíréè á fi ọwọ́ tàn án. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é, torí lóòótọ́ wọ́n máa ń rí nǹkan, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i nínú àtásì, ìrẹsì òun ẹ̀wà, obìnrin kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, ohun tó ń wọ inú ọgbà yẹn pọ̀ ju ohun tí àkàsà lè gbé lọ. Ẹni tó ń kó ẹrù ńlá wọlé kì í to ìlà pẹ̀lú wa nínú oòrùn. Ó ń gba orí ògiri, ó ń bá àwọn tó lọ kóòtù dé, ó sì ń bá ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù wọlé. Ẹ̀ṣọ́ tí owó oṣù ẹ̀ ò tó gbọ́ bùkátà, tó wà lẹ́nu ọ̀nà kan náà lọ́dọọdún, tí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ti mọ orúkọ ọmọ ẹ̀, kò sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kankan tó lè yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò. Kí wọ́n sanwó tó dáa fún un, kí wọ́n máa pààrọ̀ ibi iṣẹ́ ẹ̀ léraléra, kí wọ́n máa yẹ òun náà wò tó bá ń wọlé. Mo ti sọ tèmi.

Ti ara obìnrin tí wọ́n ń yẹ̀ wò náà ńkọ́. Ìlànà kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2015, orúkọ Mandela ni wọ́n fi pè é, òfin 122 ló wà nínú ẹ̀. Òfin 60 nínú ẹ̀ ní yíyẹ àlejò wò ò gbọdọ̀ jẹ́ ìtìjú fún un, kí wọ́n yẹra fún yíyẹ inú ara, kí wọ́n má sì dán an wò lára ọmọdé. Lọ́yà kan ló fi hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá rí ọmọbìnrin kékeré tó ń dira mọ́ ìyá ẹ̀ nígbà tó bá kàn wọ́n.

Àwọn obìnrin sì ni wọ́n ń lò jù, ká má tan ara wa. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wà nínú. Ẹnì kan ti bá a nílé, ó fún un ní agolo pómáàdì, ó ní kó fún ọkọ ẹ̀, pé ọkọ ẹ̀ mọ ẹni tó máa gbé e fún. Ìyá Sàkété gbọ́, ó gba agolo náà, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó ní "Ọmọ mi, pómáàdì kì í wúwo báyìí. Gbé e padà fún ẹni tó rán ẹ." Ọmọ náà ní tí òun ò bá mú un wọlé wọ́n á lu bàbá ọmọ òun. Ìyá ní "Wọ́n á lù ú. Tìẹ ńkọ́, ta ló máa bá ẹ tọ́ ọmọ yìí?" Ó padà sílé, kò wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹjọ́ oògùn olóró tó bá ti le lọ́dọ̀ wa báyìí, CRIET, ilé ẹjọ́ àkànṣe tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí láti 2018, ló ń gbọ́ ọ, kò sì sí ìyá ọmọ tó yẹ kó lọ dúró síwájú adájọ́ kó máa sọ pé wọ́n rán òun ni.

Wàyí o, báwo la ṣe yọ àbúrò mi kúrò níbẹ̀, torí ìyẹn lẹ ń dúró dè. A ò san gbèsè náà. Alùfáà kan wà tó máa ń lọ ṣe wáàsí fún wọn ní Jímọ̀ọ̀, èmi àti bọ̀dá ìyá mi la lọ bá a nílé, a ro ẹjọ́ fún un, a ò fi nǹkan kan pamọ́. Òun ló bá olórí ọgbà sọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn ní ọmọ yìí ò gbádùn ibi tó wà, kí wọ́n bá òun gbé e lọ sí ilé kejì. Wọ́n gbé e. Àìdárúkọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹni tí wọ́n bá gbọ́ pé ó tú àṣírí, ìyà tirẹ̀ ò ní jẹ́ ti gbèsè mọ́.

Ṣùgbọ́n gbígbé e kúrò ò tó. Ẹni tó jẹ lówó ń rí i ní àgbàlá lójoojúmọ́. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́. Ibi ìránṣọ kékeré kan wà nínú ọgbà, ẹ̀rọ díẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tí ò mọ̀ ọ́n. A wá àyè fún un níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé iléèwé, mo lọ bá àwọn ìyá ọlọ́mọ ní àdúgbò wa, mo ní kí wọ́n fún mi ní káakí ọmọ wọn kí àbúrò mi bá wọn rán an, ẹ sá mọ̀ pé káakí làwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó rán an, ìlà ẹ̀ ò tọ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sanwó, owó náà ò wọ inú ọgbà rárá, ọwọ́ mi ló wà. Ohun tó jẹ́ àṣírí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Olówó èlé yẹn mọ̀ pé ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ilé ò sì gbé fóònù. Láàárọ̀ á wọ ibi ìránṣọ, ìrọ̀lẹ́ ni á jáde, kò ráyè jókòó sí ìdí ògiri níbi tí wọ́n ti ń tà á. Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n lọ wá ẹni tí ilé ẹ̀ ń sanwó. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ò dùn, ẹlòmíì ló bọ́ sí i, èmi náà ń rò ó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé ni nọ́ọ̀sì ti ń bi wọ́n pé kí lò ń jẹ, hóró mélòó lójúmọ́, tí wọ́n sì ní nǹkan tí wọ́n lè fún un kí ara ẹ̀ fi lè sinmi díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń pín ọ̀fẹ́ lóru yẹn ò ní rí oníbàárà. Òfin Mandela 24 sọ pé ìtọ́jú tí ará ìlú ń rí gbà ló yẹ kí ẹlẹ́wọ̀n rí, ó sì dárúkọ àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ní Switzerland, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún ẹlẹ́wọ̀n ní methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò èyí tó di bárakú, lọ́wọ́ dókítà kó má baà lọ rà á lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo sọ èyí níbi iṣẹ́, ọ̀gá kan ní "a ò rí oògùn fún aláboyún, ẹlẹ́wọ̀n lo ń sọ." Ó ní ẹ̀tọ́ sí èrò tiẹ̀. Àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n yẹn máa jáde, àdúgbò aláboyún yẹn ló sì ń bọ̀.

Àwọn kan ń rò pé tí géètì bá ti le, ó parí. Ní Scotland, láti ìparí 2021, ẹ̀dà lẹ́tà ni wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n, wọn kì í fún un ní ojúlówó mọ́, torí wọ́n ti ń rẹ bébà sínú oògùn kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì drone ni wọ́n fi ń gbé e dé ojú fèrèsé. Ilẹ̀ tó lówó, tó ní kámẹ́rà àti ajá tó ń gbóòórùn! Níbi tí ẹni tó fẹ́ rà bá ti pọ̀, tó sì lówó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, ọ̀nà á máa là ni. Ibi tó sì lè dé bá ò bá tètè mójú tó o, Ecuador ti rí i: oṣù Kẹsàn-án 2021, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Guayaquil, ẹgbẹ́ àwọn oníkokéènì kojú ara wọn, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Tiwa ò tíì rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àti pé kí ni ọmọ tó ní hóró díẹ̀ lápò ń ṣe nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kó o ní páálí? Wọ́n ò tíì dá ọ̀pọ̀ wọn lẹ́jọ́. Òfin kan wà ní Benin láti 2016 tó ní wọ́n lè fi iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, gbá ojú ọ̀nà, tún kọ́tà ṣe, ṣe nǹkan tó wúlò. Mo fẹ́ rí i kí àbúrò mi máa kó pàǹtí ní etí ọ̀sà ju kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè lọ. Fóònù náà, mo fara mọ́ kí wọ́n gba gbogbo èyí tó wà nínú, àmọ́ kí wọ́n fi ti ìjọba sí i, kéèyàn lè pe ìyá ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, torí ẹni tó ń yá èèyàn ní fóònù àti ẹni tó ń yá a ní tramól, ẹnì kan náà ni.

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ẹ̀, ó ti jáde. Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń retí ẹni yín gbọ́ dáadáa, torí ibi tó ń pani gan-an ló kù. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ fún oṣù mélòó kan, ara ẹ̀ ò gba iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá jáde tó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ní ká ṣe fàájì, tó sọ iye hóró ti àtijọ́ sẹ́nu, pàápàá tó bá fi sódábì, ìyẹn ògógóró, lé e, èémí ẹ̀ lè dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ewu ikú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde jẹ́ ìlọ́po 12.7 ti àwọn ará ìlú yòókù, oògùn àjẹjù ló sì ń pa wọ́n jù. Èmi ò jẹ́ kí tèmi sùn ní Àjàṣẹ́ rárá. Láti ẹnu ọ̀nà ọgbà la ti wọ mọ́tò lọ Kétu, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá wa, níbi tí kò ti mọ ẹni tó ń tà á, ẹ̀rọ ìránṣọ kan sì wà níbẹ̀ dè é. A sọ fún àwọn ará ilé náà, a ò fi ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, torí ẹni tí ò mọ̀ ò lè bójú tó o.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó jẹ ẹ́ jù, tẹ́ ẹ pè é tí kò jẹ́, tí èémí ẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ má sọ pé ó ń sùn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún wọn, ẹ má tijú. Tramól máa ń fa gìrì pẹ̀lú. Tí gìrì bá mú un, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da adín tàbí epo sí i lọ́fun, ẹ má gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sí iná. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, tó bá ti rọlẹ̀ ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kó lè mí, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹnì kejì lọ wá mọ́tò.